Gbígbé ajá láti Kàbà lọ sí etí òkun: Ẹlẹ́kọ, Tarkwa Bay, Àgbádárìgì

ỌmọÌjùmú

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Nínú oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ la fẹ́ gbé ajá wa láti Kàbà lọ wo òkun, ọjọ́ 5 lápapọ̀. A ó gba Ìyàrá, Ìyámọyè, Òmùò, Adó, Àkúrẹ́ àti Oǹdó dé Òrè, ká wá yà ní Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́, kí á má baà kó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó. Ẹlẹ́kọ la ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà Tarkwa Bay, ká parí rẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ìyàwó mi tún ń sọ pé tí a bá ti dé Àgbádárìgì, kí ló dé tí a ò ní kọjá bodè Sèmè lọ wo Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin.

Akọ ni ajá náà, ọmọ ọdún 2, kílò 22. Ìyá rẹ̀ Alsatian, bàbá rẹ̀ ajá ilé wa níbí. Kò rí omi tó ju odò lọ rí. Sienna la máa gbé, àgbà méjì, ọmọdé méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Bí mọ́tò bá ti rìn díẹ̀ ló máa ń bì: ṣé kí n fún un ní Piriton tàbí oògùn oorun mìíràn? Mo rí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní ṣọ́ọ̀bù onífíìdì kan, ṣé mo lè rà á kí n gún un fúnra mi? Ṣé inú àgò ló yẹ kó wà tàbí kí n kàn so ó mọ́ ìjókòó? Òkun ńkọ́, kí ni kí n máa ṣọ́?

DókítàẸran_Okun

Ẹ kú ètò. Abẹ́rẹ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ní ọjọ́ tí kò ṣeé sún.

Ẹ má ra á ní ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù 2 sí 8 °C láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí tó fi wọ ara ajá. Èyí tó ti jókòó sórí pẹpẹ lójúmọ́, tàbí tó wà nínú fíríìjì tí iná ń lọ tó ń bọ̀, agbára rẹ̀ lè ti tán, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ lọ bá dókítà ẹran, kí ẹ sì bi í léèrè bó ṣe ń fi òtútù pa á mọ́. Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ ìwádìí NVRI ń ṣe ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, dára. Ti òkè òkun náà dára. Bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ lójú ọ̀nà ló jà jù.

Bó bá jẹ́ àkọ́gbà rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ 21 là ń kà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí a tó gbà pé ààbò ti dúró. Tó bá ti gbà á rí, ẹ wo káàdì: bí oṣù 12 yóò bá pé kí ẹ tó padà délé, kó gba òmíràn báyìí. Kí wọ́n lẹ bébà ara ìgò náà mọ́ káàdì, kí wọ́n kọ ọjọ́ rẹ̀, kí dókítà buwọ́ lù ú kó sì lu òǹtẹ̀ tó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Káàdì tí kò ní bébà ìgò, kò sí ẹni tó máa kà á sí lẹ́nu bodè.

Ní ti èébì, àwọn àmì kan máa ń ṣáájú rẹ̀: itọ́ á máa ṣàn, á máa lá ètè, á máa yán léraléra. Bí ẹ bá rí i, ẹ dúró kí ó tó bì. Ẹ má fún un lóúnjẹ gidi láàárín wákàtí 6 tó ṣáájú ìrìn, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi dù ú. Kó máa mu díẹ̀díẹ̀. Piriton lè mú un tòògbé, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dá èébì mọ́tò dúró. Oògùn tó wà fún un gan-an ni maropitant, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Cerenia. Wákàtí 2 kí ẹ tó gbéra ni kó gbé e mì, pẹ̀lú oúnjẹ bíńtín kan, torí inú òfìfo tún lè mú un bì. Ìwọ̀n tí a ń lò fún èébì mọ́tò ju ti èébì àìsàn lọ dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ajá náà kí wọ́n tó ka kóró fún yín. Kì í kun ajá lóorun.

Oògùn oorun gan-an ni kí ẹ sá fún. Acepromazine, tí àwọn kan ń fún ajá kó lè dákẹ́, a máa fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ara ajá lè tu ara rẹ̀ nínú ooru bó ṣe yẹ. Ẹ ó rò pé ó ń sùn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí parasitámọ́ọ̀lù, ibuprofen àti diclofenac tó wà nínú àpò ìyá àwọn ọmọ má ṣe kan ẹnu ajá rárá, ì báà jẹ́ ìdajì kóró.

Ẹ tún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti kọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ máa fún un lóúnjẹ nínú Sienna tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ má lọ síbì kankan. Lẹ́yìn náà, ìrìn ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 15, kó sì jẹ́ ibi tó máa dùn mọ́ ọn ni ẹ ó gbé e lọ. Ajá tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ nìkan ló ń wọ mọ́tò, kò sí bí ẹ̀rù kò ṣe ní bà á.

Ẹ fún un ní oògùn aràn, kí ẹ sì rí sí eégbọn ṣáájú ìrìn. Kóró bíi NexGard ń lo oṣù kan lára, Bravecto ń lo ọ̀sẹ̀ 12.

Awakọ̀Yàgbà

Ẹ̀gbọ́n Ìjùmú, ọ̀nà ló máa ń pa ajá ju òkun lọ. Ẹ gbájú mọ́ ibẹ̀.

Àgò ni, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ajá kílò 22 tó wà lásán nínú mọ́tò, bí ẹ bá tẹ búréèkì lójijì, orí àwọn ọmọ ni yóò fò lé. Ẹ wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí ìrù, ẹ fi ìdajì gíga ẹsẹ̀ iwájú (láti ilẹ̀ dé ìgúnpá) kún un: gígùn àgò nìyẹn. Fífẹ̀ rẹ̀, ìlọ́po méjì ìbú èjìká. Gíga rẹ̀, kó lè dúró kí etí má kan òrùlé. Fún irú ajá tí ẹ ṣàpèjúwe, ó máa bọ́ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 ní gígùn, 60 ní fífẹ̀, 70 ní gíga. Káfíńtà ní Kàbà lè fi páálí igi mílímítà 12 kàn án. Kí ó fi nẹ́ẹ̀tì onírin sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí orí ìṣó kankan má yọ sí inú. Bó bá fi fáníìṣì kùn ún, ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Òórùn yẹn nìkan tó láti mú ajá bì. Rọ́bà ẹlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ sísàlẹ̀, kí ẹ da ògbólógbòó aṣọ lé e. Bí kò bá sí rọ́bà, ajá á máa yọ̀ láti ìkángun dé ìkángun ní gbogbo kọ́nà.

Nínú Sienna, ẹ yọ ìjókòó kan ní àárín, kí àgò bọ́ síbẹ̀, kí ẹ fi bẹ́líìtì dè é. Kì í ṣe inú búùtù lẹ́yìn ẹrù. Ẹ fi ọwọ́ kan ojú ibi tí afẹ́fẹ́ AC ẹ̀yìn ti ń jáde kí ẹ mọ̀ pé ó ń fẹ́ tútù ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ Sienna tó wà nílẹ̀ yìí, iwájú nìkan ló ń tutù.

Ẹ gbéra ní aago 6 àárọ̀, kì í ṣe alẹ́. Ẹ mọ ìdí. Lọ́nà yẹn, ajá ti jẹ apá tó pọ̀ jù nínú ìrìn náà kí oòrùn tó mú. Ẹ dúró ní wákàtí méjì-méjì, ìṣẹ́jú 10 sí 15, níbi tí ilé wà ṣùgbọ́n tí èrò kò pọ̀: ẹ̀yìn Ìkọ̀lé, ẹ̀yìn Àkúrẹ́. Ẹ má dúró sí ìdíkọ̀ Òrè pẹ̀lú ajá. Ariwo, ọkọ̀ ńlá, eegun adìẹ nílẹ̀ káàkiri. Eegun tí wọ́n ti sè a máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí abẹ, ó sì lè gún ìfun. Okùn gbọ́dọ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀ KÍ ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹni kan di okùn mú, ẹlòmíràn ṣí ilẹ̀kùn. Lára àmì orúkọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, nọ́ńbà fóònù tí ẹ gbé dání ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ti ilé.

Bí ẹ bá dé ibi tí ọlọ́pàá tàbí ṣójà dúró, ẹ sọ gíláàsì iwájú nìkan kalẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ sì sọ pé ajá wà lẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Káàdì abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́, kì í ṣe nínú báàgì abẹ́ ìjókòó.

Bó bá jẹ́ Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ lẹ ti ń bọ̀, Ọ̀mù-Àrán, Ìlọrin, Ìbàdàn ni ǹ bá ní kí ẹ gbà. Ó ní àǹfààní kan: ilé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì wà ní Ìlọrin, ó tún wà ní Ìbàdàn. Láti Kàbà, yíyípo ni.

Mọ̀pàBoy

Gbogbo wàhálà àgò yìí fún ajá? Ẹ gbé e fún awakọ̀ ní gàréèjì, kó bá yín gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Owó ìjókòó kan náà ni.

Awakọ̀Yàgbà

Àbúrò, rárá. Búùtù ni yóò wọ̀, lábẹ́ àpò gààrí, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Bí èrò kan bá sì ní òun kò bá ajá jókòó (àwọn tó máa sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni), ilẹ̀ ni wọ́n máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ẹ sì rántí pé ẹran ajá ní oníbàárà tirẹ̀ lọ́nà Oǹdó yẹn. Ajá tó bá já okùn ní gàréèjì kì í pẹ́ di àwátì.

Etí_Ọ̀sà

Ẹ wá gbọ́ ti òkun.

Ẹlẹ́kọ àti gbogbo ìlà Lẹ́kì dojú kọ agbami gan-an. Etí òkun níbẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀, ìgbì á fọ́ lu iyanrìn, omi á sì fi agbára fà padà. Ajá tó mọ odò Kàbà kò mọ ìyẹn. Ẹ má tú u sílẹ̀ níbẹ̀. Okùn náílọ́ọ̀nù gígùn mítà 10, tó nípọn tó mílímítà 10, ni kí ẹ lò, kí ẹ so ó mọ́ bẹ́líìtì àyà, kì í ṣe ọrùn. Bí ìgbì bá fà á, ti ọrùn lè fún un pa. Ẹ má fi okùn yí ọwọ́ po. Kí omi má kọjá orúnkún rẹ̀. Bí omi bá gbé e lọ láìsí okùn, kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ sínú òkun tẹ̀lé e. Ẹ máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, kí ẹ máa pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ajá tó bá lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ ìfà yẹn, ìgbì á sì tì í wálẹ̀. Ẹni tó bẹ́ tẹ̀lé e lè má padà.

Tarkwa Bay ló dára jù fún ajá nínú gbogbo ibi tí ẹ dárúkọ. Òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ló bo ibẹ̀, ìgbì kì í le. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀ ṣá, láti èbúté CMS tàbí Tarzan. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ ajá kí ẹ tó sanwó. Jákẹ́ẹ̀tì aláìjẹ́-ká-rì fún gbogbo ènìyàn, kí ẹ wá èyí tó ní ìdìmú lẹ́yìn fún ajá. Àárín ọkọ̀ ni kó jókòó sí, láàárín ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ẹ di okùn mú lọ́wọ́, ẹ má so ó mọ́ ara ọkọ̀ rárá: bí ọkọ̀ bá dojú dé, yóò bá a lọ.

Ní Àgbádárìgì, ẹ ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ kọjá ọ̀sà sí Gbẹrẹfù, lẹ́yìn náà ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn dé òkun, lọ́nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ. Ìbòji kò pọ̀ lọ́nà yẹn. Aago 7 àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago 4 ni kí ẹ lọ. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé iyanrìn fún ìṣẹ́jú-àáyá 7. Bí ẹ ò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá yóò bó.

Omi mímu ni gbogbo ẹ̀. Ajá kílò 22 nílò nǹkan bíi lítà kan àti díẹ̀ lójúmọ́ nílé. Létí òkun, ẹ ka ìlọ́po méjì. Ẹ fún un ní omi dídára ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 kọ̀ọ̀kan, kó tó lọ fi ẹnu kan ti òkun. Tó bá gbé díẹ̀ mì, ìgbẹ́ gbuuru ni. Tó bá mu púpọ̀, iyọ̀ á gorí ẹ̀jẹ̀: á bì, á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, gìrì lè mú un. Ìyẹn ti di ti dókítà lẹ́sẹ̀ kan náà. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ajá lórí iyanrìn náà ń fa nǹkan lẹ́sẹ̀. Iyanrìn tó ń bá bọ́ọ̀lù wọlé lè dí ìfun. Okùn tí a ta ní kókó ni kí ẹ máa jù.

Níbi tí àwọn apẹja ti ń fa àwọ̀n, ìwọ̀ àti ẹja òkú wà nílẹ̀. Ẹja kan wà tó máa ń wú tí ẹ̀rù bá bà á. Májèlé rẹ̀ kì í kú pẹ̀lú ẹja, ajá tó bá jẹ ẹ́ lè dẹ́kun mímí. Ìwọ̀ tó bá ti wọ ẹnu, ẹ má fà á. Ẹ gé okùn rẹ̀ kó ṣẹ́ kù díẹ̀, ẹ wá dókítà.

Tí ẹ bá ṣe tán, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10 fún fífọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ nu inú etí gbẹ, ẹ nu àárín ìka ẹsẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá kó ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò: aràn inú ìgbẹ́ ajá ń gba inú iyanrìn wọ ẹsẹ̀ ọmọdé, á máa rìn lábẹ́ awọ.

Ọ̀rọ̀ oṣù Kejìlá: ẹ lọ ṣáájú ọjọ́ 15, láàárín ọ̀sẹ̀. Bí Kérésì bá ti sún mọ́, báńgà ni wọ́n ń yìn létí òkun, ajá tí báńgà bá dẹ́rù bà lè já okùn kó sì sá lọ. Ibi ìgbafẹ́ aládàáni púpọ̀ kì í gba ajá, ẹ pè kí ẹ tó lọ.

ỌmọÌjùmú

Ẹ ṣeun gan-an ni. Dókítà, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ooru ti ń pa á, pé kì í ṣe pé ó kàn ń mí hẹlẹ bí ajá ṣe máa ń mí? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tún fẹ́ gbé ajá Caucasian tirẹ̀ tẹ̀lé wa.

DókítàẸran_Okun

Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n fi Caucasian sílẹ̀ sílé. Irun tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti bí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ajá onímú pẹlẹbẹ, Boxer àti bulldog: imú yẹn kò lè tu wọ́n lára tó.

Ìwọ̀n ooru ara ajá tí ara rẹ̀ dá wà láàárín 38.3 sí 39.2 °C. Tó bá ti kọjá 40.5, nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá wọ 41, ẹ̀yà ara inú ti ń bàjẹ́. Tẹmọ́mítà oníbátìrì kan nínú báàgì tó, ìdí ni wọ́n ń fi í sí. Láìsí tẹmọ́mítà: mímí tí kò dẹ̀ bó tilẹ̀ jókòó sí ìbòji, èrìgì tó pọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, itọ́ tó ki, kó máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kó má dáhùn orúkọ rẹ̀. Ẹ gbé e sí ìbòji, ẹ da omi tútù sí i lára, pàápàá ikùn àti abẹ́ ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ fi sílẹ̀, torí aṣọ náà á gbóná, á sì há ooru mọ́ ọn lára. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Nígbà tó bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 39.5, ẹ dáwọ́ dúró kí òtútù má tún mú un, kí ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, bó tilẹ̀ dìde tó ń ju ìrù. Kíndìnrín lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má sì fi í sínú mọ́tò tí ẹ ti pa, kódà kí ẹ fi ra búrẹ́dì. Ìṣẹ́jú 10 nìkan, inú mọ́tò ti lè fi nǹkan bíi ìwọ̀n 10 gbóná ju ìta lọ.

Etí_Ọ̀sà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Sèmè kún un. Pẹ̀lú ajá, ìlú òkèèrè ni ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Ègùn kan náà ni wọ́n ń sọ lọ́tùn-ún lósì. Ọ́fíìsì NAQS, àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn àti ẹran níbodè, ló ń fún ni ní ìwé àtijáde. Ẹ ó nílò ìwé ìlera láti ọwọ́ dókítà ẹran àti káàdì abẹ́rẹ́ tó ti lé ní ọjọ́ 21. Ẹ béèrè ìwé tí ajá yóò fi padà wọ Nàìjíríà nígbà kan náà, torí lójú òfin, ajá tó ń padà bọ̀ náà ń wọlé ni. Fún ìrìn ọjọ́ 5, èmi ò ní kí ẹ dán an wò. Kí ìyàwó wo Ouidah lọ́jọ́ mìíràn, kí ajá wà nílé. Kí ẹ lo ọjọ́ tó ṣẹ́ kù yẹn ní Tarkwa Bay.

ỌmọÌjùmú

Ó ti yé mi. Káfíńtà ń bọ̀ wá wọn ajá lọ́la.

Awakọ̀Yàgbà

Kí ó wọ̀n ọ́n lórí ìdúró, kì í ṣe lórí ìjókòó. Kí ẹ sì wọn ẹnu ilẹ̀kùn Sienna kí ó tó gé páálí.